Jíà Mẹ́ta Nínú Ikùn Họ́ọ̀bù: Bí Kẹ̀kẹ́ Oko Wa Ṣe Tún Ń Rìn

Kẹ̀kẹ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lọ́tẹ̀ yìí. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Màrúwá o! Kẹ̀kẹ́ ológeere ni, èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ wà. Níbí ní Jos, keke náà ni àwọn Hausa ń pè é, nítorí náà kò sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ yìí máa ṣe àjèjì sí.

Kẹ̀kẹ́ mẹ́ta ni ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa ní. Àwọn ni wọ́n fi ń gbé oúnjẹ adìyẹ lọ sí oko, tí wọ́n sì fi ń gbé ẹyin padà wá sí kíṣìnnì. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní mountain bike ni, táyà rẹ̀ rí págunpàgun bí ẹ̀yìn ọ̀nì, wọ́n sì kọ "21 SPEED" gàdàgbà sára wọn. Méjì nínú wọn ti dùbúlẹ̀ sẹ́yìn sítọ́ọ̀ láti ọdún tó kọjá. Ẹ̀kẹta ń rìn. Ohun tó jẹ́ kí ẹ̀kẹta máa rìn ni mo fẹ́ ṣàlàyé, nítorí wọ́n ti ń sọ ọ́ pé kí wọ́n kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Bí wọ́n bá tà wọ́n, àpò oúnjẹ adìyẹ kílò 25 kò ní fẹsẹ̀ rìn lọ sóko fúnra rẹ̀. Orí àwa JSS ló máa gùn, láàárọ̀ kùtù, kí agogo tó dún.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ 21 yẹn wò. Níwájú, níbi pẹ́dàlì, òrùka eyín mẹ́ta ló wà. Mo kà wọ́n: 24, 34 àti 42. Lẹ́yìn, méje ló wà: 14, 16, 18, 20, 22, 24 àti 28. Mẹ́ta lọ́nà méje jẹ́ 21, irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ mọ iye ìgbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ń yí tí pẹ́dàlì bá yí lẹ́ẹ̀kan, a ó fi eyín ẹ̀yìn pín eyín iwájú ni. 24 pín sí 14 jẹ́ 1.71. 34 pín sí 20 jẹ́ 1.70. 42 pín sí 24 jẹ́ 1.75. Ta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ lè mọ ìyàtọ̀ láàárín mẹ́ta wọ̀nyí? Jíà kan náà ni, orúkọ mẹ́ta. Bí ẹ bá jókòó ti ìṣirò náà, ẹ máa rí i pé ọ̀pọ̀ nínú 21 yẹn ló ń tún ara wọn sọ.

Èyí kò burú bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́. Ohun tó ń gbé ṣéènì láti eyín kan sí òmíràn ni apá irin kékeré kan tó so rọ̀ sábẹ́ eyín ẹ̀yìn, bí ahọ́n ajá tí òùngbẹ ń gbẹ. Kẹ̀kẹ́ olówó pọ́ọ́kú ni tiwa, irin ibi tí apá yẹn so mọ́ rọ̀. Kí kẹ̀kẹ́ ṣubú lápá ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti tẹ̀ nìyẹn. Tó bá ti tẹ̀, ṣéènì á máa fò. Tó bá tẹ̀ jù, apá náà á wọ inú sípóòkù nígbà tí kẹ̀kẹ́ ń sáré, gbogbo rẹ̀ á sì lọ́ pọ̀ bí okùn. Báyìí ni méjì tó wà lẹ́yìn sítọ́ọ̀ ṣe kú. Ẹ fi eruku ọyẹ́ kún un, èyí tó ń pò mọ́ òróró ara ṣéènì tó fi dà bí ẹ̀kọ dúdú, ẹ tún fi ẹrẹ̀ ìgbà òjò kún un. Ọ̀nà oko wa sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò kékeré, ó tún gun òkè olókùúta. Ní táàmù tó kọjá, orí òkè yẹn ni ṣéènì ti fò mọ́ ọ̀kan nínú wa lẹ́sẹ̀. Kìréètì ẹyin méjì ló wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Ẹyin 60 fọ́, wọ́n sì rán orúnkún rẹ̀ ní kílíníìkì. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ títa ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ìkọjá géètì wa ló sọ fún ẹ̀gbọ́n wa kan ní SS 2 pé jíà wà tí kì í so rọ̀ síta rárá. Baba náà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n ní inú họ́ọ̀bù ló wà, ìyẹn àgbá irin kékeré tó wà láàárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, tí gbogbo sípóòkù ti ń bẹ̀rẹ̀. Òrùka eyín kan ṣoṣo ló máa wà lẹ́yìn, ṣéènì kan ṣoṣo tí kò ní í kúrò lójú kan láéláé. Eruku kò ráyè wọ inú jíà, òkúta kò lè tẹ̀ ẹ́.

Kì í ṣe nǹkan tuntun o. Ilé iṣẹ́ Sturmey-Archer ní Nottingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe họ́ọ̀bù onijíà mẹ́ta láti 1902. Èyí tí wọ́n pè ní AW jáde ní 1936, ó sì wà lára kẹ̀kẹ́ Raleigh lóríṣiríṣi fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí Raleigh ló ni Sturmey-Archer nígbà yẹn. Títí di òní, ó ṣì ń bá tòkunbọ̀ wọlé. Shimano ti Japan ní onijíà mẹ́ta, méje àti mẹ́jọ. Rohloff ní Jámánì ní èyí tó ní jíà 14, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ àgbẹ̀, owó rẹ̀ lè ra gbogbo adìyẹ wa. AW ni a wá lọ. Lára èyí tí a rí, wọ́n tẹ "AW" àti 78 sí i. Ọdún tí wọ́n ṣe é nìyẹn, 1978. Ó dàgbà ju àwọn kan nínú àwọn olùkọ́ wa lọ (ẹ má bínú, ẹ̀yin olùkọ́ wa).

Báwo ni òrùka eyín kan ṣe máa fún èèyàn ní jíà mẹ́ta? Ìbéèrè yìí ò jẹ́ kí n sùn. Nígbà tí Baba tú họ́ọ̀bù náà sílẹ̀ fún fífọ̀ ni mo tó rí i. Mo máa fi orúkọ ilé wa pè wọ́n, nítorí bó ṣe yé mi nìyẹn.

Ẹ fojú inú wo ìyá kan tó dúró láàárín, tí kò lè yí. Eyín 20 ló ní, ara ọ̀pá àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ni wọ́n kàn án mọ́. Ọmọ mẹ́rin yí i ká, eyín 20 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn náà ní. Àgò kan di àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú kí wọ́n má bàa tú ká, bí àgò adìyẹ, ṣùgbọ́n ọmọ kọ̀ọ̀kan lè máa pòyì láyè tirẹ̀. Lẹ́yìn àwọn ọmọ ni agbo wà, òrùka ńlá tí eyín rẹ̀ kọjú sínú, eyín 60. Àwọn ọmọ fọwọ́ kan ìyá, wọ́n sì fẹ̀yìn kan agbo. Àwọn òyìnbó ń pe ìyá yẹn ní oòrùn, wọ́n ń pe àwọn ọmọ ní pílánẹ́ẹ̀tì. Tiwọn náà dára, ṣùgbọ́n oòrùn ò ní eyín.

Ẹ wá wò ó. Ní jíà kẹta, àgò ni ṣéènì ń yí, agbo ló sì ń yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Bí àwọn ọmọ bá yí ìyá ká lẹ́ẹ̀kan, ọmọ kọ̀ọ̀kan ti kọjá lórí eyín ìyá 20. Eyín 20 yẹn kò lè sọnù. Bí ọmọ ṣe ń kà á lára ìyá ló ń pòyì, bó ṣe ń pòyì ló ń fi ẹ̀yìn ti agbo síwájú. Nítorí náà agbo á yí ẹ̀ẹ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ, á tún fi eyín 20 lé e. Eyín 20 nínú 60 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta. Ìyẹn ni pé tí àgò bá yí lẹ́ẹ̀mẹta, agbo á yí lẹ́ẹ̀mẹrin. Kẹ̀kẹ́ á yára.

Ní jíà kìíní, wọ́n yí iṣẹ́ padà fún ara wọn. Agbo ni ṣéènì ń yí, àgò ló ń yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin agbo jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta ẹsẹ̀. Kẹ̀kẹ́ á rọra, á sì fúyẹ́ láti gun òkè. Ní jíà kejì, ṣéènì ń yí agbo, agbo fúnra rẹ̀ ń yí ẹsẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀kan. Àwọn ọmọ kàn ń ṣeré láàárín ni, wọn ò ṣe iṣẹ́ kankan.

Ohun tó ń pín iṣẹ́ fún wọn ni irin kékeré kan tó ń sún sọ́tùn-ún sósì nínú lọ́hùn-ún. Ọ̀pá àárín ní ihò nínú lápá ọ̀tún, ṣéènì tín-ín-rín kan gba ibẹ̀ wọlé bí okùn kànga, wáyà láti ibi ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ló ń fà á. Bí wáyà bá dẹ̀, jíà kẹta ni. Bí a bá fà á dé òpin, jíà kìíní ni.

Ó yá, bí ẹ bá fẹ́ ṣe é ńkọ́? Ibi tí owó ti lè ṣòfò pọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí. Ihò sípóòkù ni àkọ́kọ́. Rímù mountain bike tiwa ní ihò 36. Ọ̀pọ̀ AW àtijọ́ ní ihò 40, nítorí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ọjọ́un, 40 ni wọ́n ń lò lẹ́yìn, 32 níwájú. Họ́ọ̀bù àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n wa gbé lọ́wọ́ lọ́jà mọ́lẹ̀ yòò, gbogbo wa ti ń rẹ́rìn-ín. Baba fi àtàǹpàkò ka ihò rẹ̀ wẹ́rẹ́, wọ́n sì dá a padà sórí igbá. Ìkejì dọ̀tí bíi kí wọ́n jù ú nù, ṣùgbọ́n 36 ni. Òun la rà. Ìwọ̀n irin ni wọ́n fi tà á fún wa, owó sípóòkù tuntun ju owó rẹ̀ lọ.

Ìkejì ni gígùn ọ̀pá àárín. Àyè tó wà lẹ́yìn férémù wa fẹ̀ ní mìlímítà 135, họ́ọ̀bù àtijọ́ ò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́ṣà la fi ń dí àyè tó kù lọ́tùn-ún lósì, ṣùgbọ́n bí ọ̀pá bá kúrú, nọ́ọ̀tì ò ní rí ibi dì mú dáadáa. Ọ̀pá oríṣi méjì ló wà, gígùn àti kúkúrú. Èyí tó gùn ni kí ẹ wá. Ìkẹta ni àwọn nǹkan wẹ́wẹ́: ṣéènì tín-ín-rín yẹn, nọ́ọ̀tì tó ní fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọwọ́ jíà, àti wọ́ṣà méjì tó ní etí. Àwọn tó ń ta àlòkù máa ń já wọn dànù. Láìsí wọn, ẹ kàn ra irin lásán ni.

Wọ́ṣà elétí yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú di í. Ẹ rántí ìyá tí mo ní kò lè yí. Bí a bá ń tẹ pẹ́dàlì ní jíà kìíní tàbí ìkẹta, àwọn ọmọ ń fipá tì í kó yí, ara ọ̀pá àárín ló sì wà. Bí kò bá sí ohun tó di ọ̀pá mú, ọ̀pá náà máa yí nínú férémù, nọ́ọ̀tì á tú, wáyà jíà á já. Etí wọ́ṣà ló ń wọ inú ojú férémù tó ń sọ pé, ó tì, dúró síbẹ̀.

Híhun sípóòkù kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé. Baba ló hun ún, ní ọ̀sán Sátidé kan, wọ́n dojú kẹ̀kẹ́ dé, sípóòkù kọ̀ọ̀kan ń kọjá lára mẹ́ta míì kó tó dé rímù. Sípóòkù ẹsẹ̀ àtijọ́ kò wúlò, gígùn wọn ò bá họ́ọ̀bù tuntun mu. Ohun kan dùn mọ́ mi níbẹ̀. Nígbà tí òrùka eyín méje wà lọ́tùn-ún, wọ́n gba àyè débi pé sípóòkù ọ̀tún fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró gbọnrangandan, ti òsì nìkan ló dagun. Ní báyìí tó jẹ́ eyín kan, ọ̀tún àti òsì fẹ́rẹ̀ẹ́ dagun bákan náà, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ sì lágbára jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó bá gbé àpò 25 sẹ́yìn mọ ohun tí mò ń wí.

Eyín iwájú tó wà láàárín, 34, ni a lò. Wọ́n ti kan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kò ṣe é tú, nítorí náà 24 àti 42 ṣì wà níbẹ̀ láìníṣẹ́. 42 ò tiẹ̀ burú, kì í jẹ́ kí ṣéènì jẹ ṣòkòtò. Eyín 18 ló wà lára họ́ọ̀bù nígbà tí a rà á. Baba fi súkúrú-díráfà yọ òrùka wáyà tó dì í mú, wọ́n fi 20 sí i. Wọ́n wá ń sún wọ́ṣà kiri títí eyín ẹ̀yìn fi dúró gbọọrọ lójú kan náà pẹ̀lú 34. Ṣéènì kẹ̀kẹ́ lásán, èyí tó nípọn díẹ̀ tó wà níbi gbogbo, ló bá a mu. Ojú férémù tiwa dagun, nítorí náà a lè fa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sẹ́yìn kí ṣéènì le. Ẹ jẹ́ kó lè lọ sókè sódò ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan. Férémù tí ojú rẹ̀ bá dojú kọlẹ̀ tààrà kò ṣe é fà. Níbẹ̀, ó máa nílò apá irin àtijọ́ yẹn láti máa di ṣéènì mú, àmọ́ kò ní sí wáyà lára rẹ̀ mọ́. Bíréèkì ò yí padà, ara rímù ló ṣì ń dì mú.

A fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí táyà, a wọn ibi tó dé. Tí pẹ́dàlì bá yí lẹ́ẹ̀kan, jíà kìíní ń gbé wa lọ ní nǹkan bíi mítà 2.6, ìkejì 3.5, ìkẹta 4.6. Èyí tó fúyẹ́ jù nínú 21 àtijọ́, 24 sí 28, jẹ́ nǹkan bíi 1.8. Ẹ rí i pé a pàdánù nǹkan. Níbi tí òkè oko ti le jù, lẹ́bàá àpáta, a máa ń sọ̀ kalẹ̀ tì í bí ẹrù bá wà lẹ́yìn. Ọmọ kíláàsì mi kan ní ká lo 24 iwájú. Olùkọ́ wa ní Basic Technology ṣàlàyé pé bí eyín iwájú bá ṣe kéré tó ni agbára tó ń wọ inú họ́ọ̀bù ṣe ń pọ̀ tó, eyín àwọn ọmọ inú lọ́hùn-ún sì kéré, wọ́n lè kán. Ká sọ̀ kalẹ̀ ní àpáta dára ju ká kán ọmọ lọ. Ẹni tó bá sì ní òun fẹ́ jíà 21 tí kì í wọlé, kó wá ru àpò.

Ohun kan ló léwu, mi ò ní fi pamọ́. Láàárín jíà kejì àti ìkẹta, ibi òfìfo kan wà. Bí wáyà kò bá tò dáadáa, jíà lè bọ́ síbẹ̀. Pẹ́dàlì á kàn yí lófo, ẹsẹ̀ á rì lójijì bí ìgbà tí èèyàn ṣi àtẹ̀gùn gbà lókùnkùn. Bó bá jẹ́ pé ẹ dìde dúró lórí pẹ́dàlì, àyà yín á fi ọwọ́ kẹ̀kẹ́ gbá. Nítorí náà, ní gbogbo Mọ́ńdè, kí kẹ̀kẹ́ tó lọ sóko, a máa ń fi sí jíà kejì, a ó wo inú fèrèsé nọ́ọ̀tì yẹn. Èjìká ọ̀pá tín-ín-rín inú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ẹnu ọ̀pá àárín dọ́gba. Bí kò bá dọ́gba, a ó yí ibi tí wáyà ti so pọ̀ títí á fi dọ́gba. Ìṣẹ́jú méjì ni. Òróró díẹ̀ tó ṣàn ni ẹ máa kán sí ojú ihò ara rẹ̀ lóṣooṣù. Gíríìsì kọ́ o, gíríìsì á lẹ àwọn irin kéékèèké inú rẹ̀ pọ̀.

Láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ táàmù yìí, kẹ̀kẹ́ kan yìí ló ń lọ sóko tó ń bọ̀. Ṣéènì ò tíì fò lẹ́ẹ̀kan. Ní ìparí táàmù ni wọ́n máa pinnu lórí méjì tó kù. Mo ti yẹ ojú férémù wọn wò: ọ̀kan dagun bíi tiwa, ìkejì dojú kọlẹ̀. Èyí tó dagun ni Baba ní ká kọ́kọ́ ṣe. Rímù wà, férémù wà, Baba sì ní àwọn kò ní gba owó híhun. Họ́ọ̀bù ló kù. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí Èkó, Ìbàdàn tàbí Ìlọrin fún họ́lídè, ẹ bá wa wo ìsọ̀ àwọn tó ń ta kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀, ẹ wo ẹ̀yìn àgbàlá bàbá àgbà yín. Ẹ wá ibi tí wọ́n bá ti tẹ AW. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ka ihò rẹ̀. 36 ni o.